Nígbà Tí Sísí Àkúrẹ́ Sọ̀rọ̀ ní Oǹdó

Ọmọbìnrin Kétu ni mí, Kétu tó wà lábẹ́ àwọn Faransé nígbà tí wọ́n bí mi. Yorùbá ni ìyá mi fi rẹ̀ mí lẹ́kún, Yorùbá ni bàbá mi fi bá mi wí. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kà á sí pé ilẹ̀ àjèjì ni mò ń lọ nígbà tí mo kúrò nílé lọ sí Àkúrẹ́. Mo rò pé ọ̀dọ̀ ẹbí ni mò ń lọ. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo la ẹnu láti ná iṣu lọ́jà, obìnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀, ó pe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Wá gbọ́ bí Ègùn yìí ṣe ń sọ Yorùbá o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn kì í ṣe ti ìkà. Obìnrin yìí kan náà ń pe iṣu ní "usu," ó ń pe ilé ní "ulé," síbẹ̀ èmi ni ahọ́n mi wọ́. Mo gbé iṣu mi, n kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi délé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹnu ara mi.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé ẹnu yẹn náà ni mo fi ń jẹun. Iṣẹ́ tí mo wá ṣe ni kí n máa sọ̀rọ̀ láìya ẹnu. Ọkùnrin ará Tógò kan tó ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló kọ́ mi. Ẹ óò gbé ọmọlangidi ka orí itan yín, ẹ óò ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ óò máa fi ìka ṣí i lẹ́nu, ẹ óò máa pa á dé. Ohùn yóò máa jáde láti ọ̀fun yín, ètè yín kò sì ní mira. Ẹni tó bá ń wò yóò rò pé ọmọlangidi ló ń sọ̀rọ̀. Àjàṣẹ́ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni mo ti ń ṣe é, nínú ilé ọtí kan, nígbà tí Ọ̀gá Lákúnlé rí mi. Ọmọ Òkìtìpupa ni, ó ní ẹgbẹ́ eléré tó ń káàkiri, ó sì ní kí n wá bá òun ṣiṣẹ́ nílẹ̀ tiwọn.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró nígbà náà ni. Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú ìlú. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ́lé, eruku pupa kì í kúrò lórí aṣọ tí a bá sá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti dé láti Ọ̀wọ̀, láti Ìkàrẹ́, láti Òkìtìpupa, wọ́n fi ìyàwó àtọmọ sílẹ̀ nílé, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọn kì í mọ ohun tí wọn yóò fi ara ṣe. Àwọn ni Ọ̀gá Lákúnlé fojú sí. Ó ní, "Ẹni tí kò rí ìyàwó ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ lálẹ́, tó bá rí ibi tí wọ́n ti ń pa á lẹ́rìn-ín, ó máa wá."

Ó sọ ọmọlangidi mi ní Sísí Àkúrẹ́. Ó rán gáùn fún un, ó so gèlè pelebe mọ́ ọn lórí, ó fi awò ojú sí i. Orí igi fífúyẹ́ ló ní, ara rẹ̀ jẹ́ aṣọ àti fóòmù. Ohùn tí mo fún un jẹ́ ti ọmọdébìnrin kan tí ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bí ẹni tó ti pariwo jù níbi eré. N kò mọ̀ ọ́n mọ̀ yan ohùn náà. Ohùn tí ọ̀fun mi lè gbé láìjẹ́ kí ètè mi mira nìyẹn.

Kí n sọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní gbọ̀ngàn. Eré gidi, ìyẹn ìtàn tí wọ́n ti kéde rẹ̀ láàárín ìlú, ìgbẹ̀yìn ló máa ń wá. Ṣáájú rẹ̀ ni àwa tí à ń ṣe eré kéékèèké: Tìámíyù tó ń ju ìgò márùn-ún sókè léraléra tí kò sí èyí tó ń bọ́, aláwàdà kan tó ń wọ ṣòkòtò tó tóbi jù ú lọ, àwọn oníjó, àti èmi. Èrò kò wá nítorí tiwa. Wọn a máa jẹ ọsàn nígbà tí a bá wà lórí ìtàgé, wọn a máa pe ara wọn láti ìlà kan sí òmíràn. Bí eré bá dùn mọ́ wọn, wọn yóò gun orí ìtàgé wá lẹ owó mọ́ ọ lórí. Bí kò bá dùn, wọn yóò ní, "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀! Ẹ gbé eré gidi jáde!" Èèpo ọsàn yóò sì tẹ̀lé e. Mo rí i tí wọ́n ju èèpo bá aláwàdà náà tó fi sunkún lẹ́yìn aṣọ ìkélé, ṣòkòtò ńlá yẹn ṣì wà nídìí rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó kàn mí, mo di aṣọ ìkélé mú, n kò jáde. Tìámíyù, tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ náà, di apá mi mú.

Ó ní, "Má wo ojú wọn. Iwájú orí wọn ni kó o máa wò. Ojú èèyàn pọ̀ jù fún ẹyọ ẹnì kan."

Mo jáde. Mo jókòó. Sísí Àkúrẹ́ ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ọ́fíìsì."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo rí orí wọn tó ń yí sókè, wọ́n ń wo àjà bóyá ẹnì kan fara pamọ́ síbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dìde níwájú, ó gbé tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń tan iná sábẹ́ ìtàgé. N kò mọ ohun tó bọ́ sí mi lọ́kàn. Sísí Àkúrẹ́ yí orí sí i, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ sọ nù sábẹ́ ìdí mi?"

Gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń lu àga, wọ́n ń di ara wọn mú. Ọkùnrin oníkóòtù náà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì wá lẹ owó. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọmọlangidi, kò lẹ̀ ẹ́ mọ́ tèmi.

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. N kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, mo rí ìyá kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri tó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí ọmọ rẹ̀, tó gbé e, tó sì jáde. Ojú rẹ̀ ni mo gbé sùn.

Nígbà tí a wọ bọ́ọ̀sì, Ọ̀gá Lákúnlé ní, "O gbayì. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ bó o ṣe ń ṣe é láéláé. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀, wọn ò ní wá mọ́."

Mo ní, "Tí wọn ò bá mọ̀ ńkọ́? Kí ni wọ́n á máa rò?"

Ó ní, "Ohun tó bá wù wọ́n."

Ohun tó wù wọ́n gan-an ló wá ń dẹ́rù bà mí. Ilé tí mo ń gbé, ti ìdílé òṣìṣẹ́ ìjọba kan láti Ọ̀wọ̀ ni. Ìyá Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wa ń pe ìyàwó ilé náà. Onígbàgbọ́ ni, kì í pa ìsìn jẹ, ó sì láàánú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí ohun tó wà nínú àpótí mi, ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò ní kó o máa lọ. Àmọ́ nǹkan yìí ò gbọdọ̀ sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ mi."

Mo ní, "Igi lásán ni, mà."

Ó ní, "Igi lásán kì í sọ̀rọ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Ó gbọ́."

Ilé ìdáná tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ni Sísí Àkúrẹ́ ń sùn láti ìgbà náà. Nígbà tó yá, Ìyá Ọ̀wọ̀ wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ aṣọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní ọkọ òun ń retí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ǹjẹ́ n kò lè bá òun bi nǹkan náà bóyá wọn yóò fún un? N kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ní kò mọ nǹkan kan, mo ní èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Ó mi orí bí ẹni tó gbọ́, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà pé mo fi ìdáhùn pamọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ti rí wa ní gbọ̀ngàn yóò kí mi lọ́nà jìnnàjìnnà, yóò sì sọdá sí òdì kejì títì. Àtẹ́wọ́ ń pọ̀, àwọn tó ń bá mi jókòó ń dín kù. Mo wá rí i pé ohun kan náà ló ń fa méjèèjì. Bí wọ́n bá ti gbà gbọ́ tó ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tó, bí wọ́n bá sì ti gbà gbọ́ tó ni wọ́n ń bẹ̀rù mi tó. Èmi náà ń bẹ̀rù wọn. Àlejò tí ń dẹ́rù ba onílé, ibo ni yóò sá sí bí onílé bá pinnu pé ẹ̀rù náà tó gẹ́ẹ́?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnu mi. Mo ń gbọ́ rédíò, mo ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ lú u. Mo fẹ́ kí n lè ra iṣu kí ẹnikẹ́ni má pe ẹnì kejì wá gbọ́ mi. Ó yá, mo ṣe é. Mo ra iṣu, mo ra epo, obìnrin náà sì fún mi ní ṣéńjì láìwo ojú mi. Mo rìn padà sílé bí ẹni tó gba ẹ̀bùn ní ilé ìwé.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni a ti ń fóònù nígbà náà. A óò sọ nọ́ńbà fún akọ̀wé, a óò jókòó sórí bẹ́ńṣì, a óò máa retí. Ní Kétu, ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ńtì ni fóònù wà. Mo ti rán awakọ̀ kan sí ìyá mi pé kí ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Nígbà tí wọ́n pè mí, mo gbá ẹ̀rọ náà mọ́ etí bí ẹni pé yóò sá lọ.

Ìyá mi ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Èmi wo?"

"Èmi ọmọ yín. Láti Àkúrẹ́."

Ohun tó ń hó bí òjò nínú ẹ̀rọ nìkan ni mò ń gbọ́. Ó wá ní, "Ohùn ọmọ mi kọ́ nìyí. Ọmọ mi kì í sọ̀rọ̀ báyìí."

Mo rò pé yóò gbé e sílẹ̀. Mo yára padà sí ahọ́n Kétu, mo kí i bí a ti ń kí ìyá wa lówùúrọ̀, mo pe orúkọ àwọn àbúrò mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì yíjú wò mí.

Ìyá mi ní, "Háà, ìwọ ni. Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Ìyá."

"Iṣẹ́ wo lo tiẹ̀ ń ṣe fún wọn níbẹ̀?"

"Mò ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín."

"Ṣé ẹ̀rín rere ni?"

Okùn já. Akọ̀wé ní àsìkò ti tán. Mo dá ẹ̀rọ padà fún un, mo sanwó, mo sì jáde.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Ọ̀gá Lákúnlé ní a ń lọ sí ìlú Oǹdó. Ọ̀sán Sátidé ni, gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n fún wa. Nínú bọ́ọ̀sì, òun fúnra rẹ̀ kò fara balẹ̀.

Ó ní, "Oǹdó kì í ṣe Àkúrẹ́ o. Ní Àkúrẹ́, àlejò ló ń wo àlejò. Ẹni tó wá láti Ìkàrẹ́ ò mọ ẹni tó jókòó tì í. Ní Oǹdó, onílé ni gbogbo wọn. Wọ́n mọ ara wọn dé ìran bàbá ńlá. Tí ọ̀kan bá bínú, gbogbo wọn ti bínú."

Òótọ́ ló sọ. Mo yọjú láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, mo rí i bí wọ́n ti ń kí ara wọn ní ìlà dé ìlà ní èdè tiwọn tí n kò lè gbọ́ tán. Àwọn ìyá àgbà jókòó níwájú. Oòrùn ń wọlé láti ojú fèrèsé, kò sí òkùnkùn kankan tí ènìyàn lè fara pamọ́ sí. Tìámíyù kọ́kọ́ jáde. Ìgò kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ́, àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn sì hó lé e lórí títí ó fi wọlé. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní àtàǹpàkò rẹ̀. Ó kàn wò mí, ó fi àkísà di í.

Mo jókòó sórí àga. Sísí Àkúrẹ́ kí wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, díẹ̀díẹ̀. Ó bú ọ̀lẹ, ó bú ọkọ tí kì í fowó ọbẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìyá àgbà ń mi orí. Mo ti ń mí dáadáa. Mo wá bọ́ sí apá kan tí a máa ń ṣe níbi gbogbo, tí wọ́n sì máa ń lẹ owó níbẹ̀. Ọmọlangidi yóò wo èrò yíká, yóò ní, "Ó ti rẹ̀ mí o. Ebi ń pa mí. Màmá mi dà? Màmá, ẹ wá mú mi lọ sílé."

Obìnrin kan dìde ní àárín gbọ̀ngàn.

Kò pariwo. Ó ń bọ̀ láàárín àga, ó ń fi ọwọ́ ti èjìká àwọn èèyàn bí ẹni tó ń rìn nínú omi. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó wà lára eré. Ó dé iwájú ìtàgé, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ojú rẹ̀ wà lára ọmọlangidi.

Ó ní, "Bọ́lá. Níbo lo wà?"

Ẹnì kan láti ìlà kejì ní, "Ìyá Bọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá jókòó." Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bú sẹ́kún. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ti kú, àti pé gbogbo ìlà náà mọ ọmọ ọ̀hún, wọ́n sì mọ ohùn rẹ̀.

Ọwọ́ mi wà nínú ẹ̀yìn Sísí Àkúrẹ́, ìka mi dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Ọkùnrin kan kígbe lẹ́yìn, "Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn!"

Òmíràn ní, "Ègùn ni. Mo gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ bi í ibi tó ti rí ohùn ọmọlọ́mọ!"

Mo gbọ́ ìró irin ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ ìró àga tó ń ha ilẹ̀ bí wọ́n ti ń dìde. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, Ọ̀gá Lákúnlé ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Jẹ́ kó sọ̀rọ̀! Jẹ́ kó sọ nǹkan ẹ̀rín!" Mo yíjú wò ó. Ó ti ń fi ẹ̀yìn rìn lọ sí ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́yìn, níbi tí bọ́ọ̀sì wà.

Mo mọ̀ pé bí ọmọlangidi bá tún sọ̀rọ̀, obìnrin yìí yóò gbà pé ọmọ òun ló dáhùn, n óò sì ti ṣe ohun tí ẹnì kan kò gbọdọ̀ ṣe sí ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀. Bí ó bá sì dákẹ́, wọn yóò ní mo ti pa ohùn náà mọ́ inú igi. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, òun sì ni ọ̀nà tí Ọ̀gá ti ní n kò gbọdọ̀ tọ̀.

Mo yọ ọwọ́ mi. Mo gbé Sísí Àkúrẹ́ sórí àga, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Mo rìn títí mo fi dé etí ìtàgé, mo kúnlẹ̀ kí ojú mi lè bá ojú ìyá náà dọ́gba. Mo wá la ẹnu mi gbàgà, kí gbogbo wọn lè rí ahọ́n mi, mo sì fi ohùn tó há yẹn sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Màmá, èmi ni. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀. Kì í ṣe òun. Mi ò mọ Bọ́lá."

"Irọ́ ni!" ni ọkùnrin ẹ̀yìn yẹn wí. Ó ti dé orí ìtàgé. Ó di Sísí Àkúrẹ́ mú ní ẹsẹ̀, ó gbá a mọ́ àga, orí igi náà ya sí méjì. Ó fa ara aṣọ rẹ̀ ya, fóòmù sì tú jáde. Ó ń wá nǹkan nínú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ẹ̀gún nínú ẹja. Kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀.

Ìyá Bọ́lá kò wo gbogbo ìyẹn. Èmi ló ń wò. Ó gbé ọwọ́, mo rò pé ó fẹ́ gbá mi létí, mo di ojú. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bà lé ọ̀fun mi.

Ó ní, "Tún un sọ."

Mo ní, "Èmi ni, mà." Ohùn náà gbọ̀n lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. N kò mọ iye ìgbà. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó le bí ọwọ́ ẹni tó ń ro oko. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú rẹ̀ ń yí padà, bí ojú ẹni tó ń ta jí tí kò sì fẹ́ jí. Ó wá kọjú sí àwọn ará ìlú rẹ̀.

Ó ní, "Ọ̀fun rẹ̀ ló wà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn."

Wọ́n ṣí i. Ṣùgbọ́n ìbínú kì í jáde bí èèyàn ti ń jáde. Àwọn kan ń sunkún, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé a ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, pé eré tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá dà. Ìgò kan fò kọjá létí mi. Mo sá gba ilẹ̀kùn kékeré jáde, eruku bọ́ọ̀sì nìkan ni mo bá. Mo rí Tìámíyù tó yọ ìdajì ara láti ojú fèrèsé, tó ń lu ara ọkọ̀ pé kí wọ́n dúró. Wọn kò dúró. Níwájú mi, àwọn ọ̀dọ́ ti yípo. Níbo ni mo fẹ́ gbà? N kò mọ títì kan ní Oǹdó, n kò mọ ẹyọ ẹnì kan. Bí mo bá la ẹnu láti bẹ̀bẹ̀, ahọ́n mi yóò tú mi fó.

Ẹnì kan di ọwọ́ mi mú láti ẹ̀yìn. Ìyá Bọ́lá ni.

Ó sọ fún wọn pé, "Ẹni tó bá fẹ́ lù ú, kó kọ́kọ́ lù mí."

Ọkùnrin tó fọ́ ọmọlangidi mi ló kọ́kọ́ yà fún wa lọ́nà. Ó ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì jọ̀wọ́ ọwọ́ mi. Mo ń bẹ̀rù òun náà. Mo ń ronú pé bóyá nítorí kí òun nìkan lè ṣe mí bó ti wù ú ló ṣe gbà mí lọ́wọ́ wọn.

Ilé rẹ̀ mọ́, ó sì dákẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ra kòkó ní oko, òun nìkan ló wà. Ó fún mi ní omi, ó gún iyán, ó gbé e síwájú mi pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. N kò lè gbé e mì. Ó jókòó sí òdì kejì, ó ń wò mí.

Ó ní, "Ibà ló mú un lọ. Nígbà òjò. Láti kékeré ni ohùn rẹ̀ ti há, torí ó máa ń sunkún. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́." Ó ti àwo ọbẹ̀ náà sún mọ́ mi. "Mo mọ̀ pé òun kọ́. Kí n tó dìde lórí àga ni mo ti mọ̀. Ẹsẹ̀ mi ni ò mọ̀."

Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní kí ni mo ṣe? Ó ní kí n jẹun.

Nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀, ó ní, "Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan."

Mo ti mọ ohun náà kí ó tó sọ ọ́.

Ó ní, "Tó bá ti ilé ìwé dé, ibẹ̀ yẹn ló máa ń dúró sí." Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Kì í wọlé títí màá fi dá a lóhùn. Á ní, 'Màmá, mo ti dé.' Ẹ̀ẹ̀kan péré. Sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan péré."

Ohùn náà wà ní ọ̀fun mi. Kò ní gbà mí ní nǹkan kan. Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ikú ló ń bẹ̀ mí, inú ilé rẹ̀ ni mo sì wà, bí ó bá lé mi síta, n kò mọ ibi tí ilẹ̀ yóò ṣú mi sí. Mo wo ojú rẹ̀. Mo ro ọ̀la, mo ro ọ̀túnla, mo rí i tó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́, tí kò ní lè sin ọmọ rẹ̀ tán láéláé.

Mo ní, "Màmá, mi ò lè sọ ọ́ lóhùn rẹ̀. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́ lóhùn rẹ̀."

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Mo dìde, mo jáde síta. Mo lè máa lọ nígbà yẹn. Títì wà níwájú mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo yípadà, mo dúró sí ẹnu ọ̀nà tó nawọ́ sí, oòrùn ìrọ̀lẹ́ wà ní ẹ̀yìn mi. Mo fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀, ohùn àgbàlagbà obìnrin, ní ahọ́n Kétu bí wọ́n ti kọ́ mi nílé, láìfi nǹkan kan bò ó.

Mo ní, "Ìyá, mo ti dé."

Ó gbé ojú sókè. Ó wò mí pẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Ó wá fi etí aṣọ nu ojú rẹ̀.

Ó ní, "Káàbọ̀. Wọlé, ilẹ̀ ti ń ṣú."